Àlejò, Onílé àti Ìjọba: Ìtàn Òfin Ilé Yíyá láti Ọdún 1945, bí a ti Rí i láti Atikori ní Ìjẹ̀bú-Igbó

Ìfáárà

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò nínú ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí kan gbogbo wa. Nínú wa, ẹni tí kì í ṣe onílé, ayálégbé ni. Ẹni tí kì í ṣe ọ̀kankan nínú méjèèjì, ọmọ ẹbí tí ń gbé ilé bàbá tàbí ilé ìyá rẹ̀ ni. Òfin ìjọba ní ohun tí ó ń sọ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé púpọ̀ nínú wọn kì í mọ ohun tí òfin sọ títí di ọjọ́ tí ìjà bá dé.

Àwọn tí ó ti kọ ìtàn òfin ilé yíyá ní ilẹ̀ wa, Èkó ni wọ́n sábà máa ń dúró sí wò ó. Èyí kò yani lẹ́nu, nítorí Èkó ni èrò pọ̀ sí jù, ibẹ̀ ni owó ilé sì ti kọ́kọ́ di ohun tí ìjọba ń dá sí. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí a dúró sí ibòmíràn lónìí, ní Atikori, ọ̀kan nínú àwọn ìlú márùn-ún tí ó para pọ̀ di Ìjẹ̀bú-Igbó. Àwọn mẹ́rin yòókù ni Oke-Agbo, Oke-Sopen, Ojowo àti Japara. Ní irú ìlú bẹ́ẹ̀, ilé tí a fi ń yáni kì í sábà jẹ́ ti oníṣòwò ilé. Ó lè jẹ́ ilé tí bàbá kọ́ nígbà tí kòkó àti pákó ń mú owó wọlé, tí àwọn ọmọ rẹ̀ wá jogún. Ó sì lè jẹ́ ilé tí ọmọ ìlú tí ń gbé Èkó tàbí Ìbàdàn kọ́ sílé, kí wọ́n má baà sọ pé ó lọ sí àjò kò rántí ilé. Bí a bá ti ibẹ̀ wo òfin, a óò rí ohun tí ẹni tí ó dúró sí Èkó kì í tètè rí.

Kókó ọ̀rọ̀ mi nìyí. Láti ọdún 1945, ìjọba ti gba ọ̀nà mẹ́ta dá sí ọ̀rọ̀ onílé àti ayálégbé. Ó ti gbìyànjú láti dá iye owó ilé. Ó ti gbìyànjú láti dá àkókò àti ìlànà tí a fi lè mú ayálégbé jáde. Ó sì ti gbìyànjú láti sọ ẹni tí àṣẹ ilẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀nà kìíní kò fìdí múlẹ̀ láàrin wa. Ọ̀nà kejì fìdí múlẹ̀, nítorí ó bá ohun tí àṣà wa ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ mu. Ọ̀nà kẹta wà nínú ìwé, ṣùgbọ́n ó fi ìbéèrè kan sílẹ̀ láì dáhùn, ìbéèrè náà ni ó sì ń ya ẹbí nípá ní ìlú bí Atikori: ta ni onílé?

1. Àlejò kí òfin ìwé tó dé

Kí àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó ṣẹ́gun Ìjẹ̀bú ní ọdún 1892, àwọn Ìjẹ̀bú kì í jẹ́ kí àjèjì la ilẹ̀ wọn kọjá bí ó ti wù ú. Ẹni tí yóò bá wọ̀, yóò ní ẹni tí ó gbà á sílé. Ẹni náà ni a ń pè ní onílé rẹ̀. Òun ni yóò dúró fún un bí ọ̀rọ̀ bá ṣẹlẹ̀. Ó yẹ kí a kíyè sí èyí nínú èdè wa: kí ‘onílé’ tó di ẹni tí ń gba owó lọ́wọ́ ènìyàn, ẹni tí ń gba ènìyàn sílé ni.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ náà rí bẹ́ẹ̀. Ẹbí ni ó ni ilẹ̀, kì í ṣe ẹnìkan. Nígbà tí ìjọba amúnisìn gba ilẹ̀ ní Àpápá, tí Olóyè Amodu Tijani, Olúwa ti Èkó, sì gbé ẹjọ́ náà dé Lọ́ńdọ̀nù, Ìgbìmọ̀ Ọba níbẹ̀ gbà ní ọdún 1921 pé ilẹ̀ jẹ́ ti àwùjọ, ti abúlé, tàbí ti ẹbí, àti pé kí ẹnìkan dá ilẹ̀ ní fún ara rẹ̀ kì í ṣe àṣà wa àtijọ́. Àgbẹ̀ tí ó jẹ́ àlejò lè tọrọ ilẹ̀ lọ́wọ́ ẹbí, kí ó máa san ìṣákọ́lẹ̀. Ìṣákọ́lẹ̀ kì í ṣe owó tí a fi díwọ̀n ohun tí ilẹ̀ náà tó. Ó jẹ́ àmì pé àlejò mọ ẹni tí ó gbà á. Bí ó bá ti ń san án, tí kò sẹ́ ẹni tí ó fún un ní ilẹ̀, tí kò sì tà á, òun àti àwọn ọmọ rẹ̀ yóò máa bá oko wọn lọ. A kì í ṣàdédé lé e. Bí ó bá ṣẹ̀, a óò pe àwọn àgbà, a óò gbọ́ ẹnu tirẹ̀, kí a tó mọ ohun tí a óò ṣe.

Nǹkan kan tún wà tí ó jẹ́ ti Ìjẹ̀bú ní pàtàkì. P. C. Lloyd, tí ó ṣe ìwádìí òfin ilẹ̀ ní Òǹdó, Ìjẹ̀bú, Adó-Èkìtì àti Ẹ̀gbá, tí ìwé rẹ̀ lórí òfin ilẹ̀ Yorùbá sì jáde ní ọdún 1962, fi hàn pé ní Ìjẹ̀bú, ènìyàn lè ní ẹ̀tọ́ nínú ohun ìní ẹbí ìyá rẹ̀ bí ó ti ní in nínú ti bàbá. Ọmọ tí obìnrin bí kì í ṣe àlejò nínú ilé tí a ti bí ìyá rẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn. A óò padà bá a níwájú.

2. Òfin tí ó dá àkókò

Ogun àgbáyé kejì kó èrò wọ ìlú. Èkó kún fún àwọn ológun àti àwọn òṣìṣẹ́ tí ń wá ibi tí wọn yóò fi orí pamọ́ sí. Ní ọdún 1945, ìjọba amúnisìn ṣe òfin lórí bí onílé ṣe lè gba ilé rẹ̀ padà lọ́wọ́ ayálégbé. Òfin náà kò sọ iye tí ẹnikẹ́ni yóò san. Ohun tí ó sọ ni pé, bí kò bá sí àdéhùn mìíràn láàrin àwọn méjèèjì, ayálégbé tí ń san owó lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ yóò gba nótíìsì ọ̀sẹ̀ kan. Èyí tí ń san lóṣooṣù, nótíìsì oṣù kan. Èyí tí ń san ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta, nótíìsì oṣù mẹ́ta. Èyí tí ń san lọ́dọọdún, nótíìsì ìdajì ọdún. Bí àkókò yìí bá pé tí ayálégbé kò sì jáde, onílé yóò tún fún un ní ìwé ọjọ́ méje pé òun ń lọ sí ilé ẹjọ́. Ìgbà náà ni adájọ́ yóò tó gbọ́ tẹnu àwọn méjèèjì.

Òfin yìí rin ìrìn àjò. Ó wà nínú àkójọ òfin Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn ti ọdún 1959. Nígbà tí a pín orílẹ̀-èdè yìí sí ìpínlẹ̀ méjìlá ní ọdún 1967, Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn jogún rẹ̀. Nígbà tí a dá Ìpínlẹ̀ Ògùn sílẹ̀ ní ọjọ́ 3, oṣù kejì, ọdún 1976, Ògùn náà gba àwọn òfin tí ó bá nílẹ̀. Báyìí ni ìlànà tí ìjọba amúnisìn fi lélẹ̀ nígbà ogun ṣe di ohun tí májísíréètì fi ń dá ẹjọ́ ilé fún ará Ìjẹ̀bú-Igbó.

Ilé ẹjọ́ sì tẹnu mọ́ ọn pé kò sí ẹni tí ó ga ju ìlànà lọ. Ẹjọ́ tí ó fi èyí hàn jù lọ ni ti Odumegwu Ojukwu àti ìjọba ológun Ìpínlẹ̀ Èkó, lórí ilé kan ní Queen’s Drive ní Ìkòyí. Ọ̀rọ̀ náà ṣì wà ní ilé ẹjọ́ ní ọdún 1985 nígbà tí ìjọba fi agbára mú un jáde. Ní ọdún 1986, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ bá ìjọba wí gidigidi: ẹni tí ó bá ti gbà kí ilé ẹjọ́ dá ọ̀ràn kò gbọdọ̀ tún fi ọwọ́ ara rẹ̀ dá a. Bí ìjọba tí ó ní ìbọn kò bá lè fi ipá lé ènìyàn jáde, onílé tí ń yọ ilẹ̀kùn tàbí tí ń ṣí páànù orí ilé ayálégbé rẹ̀ mọ̀ pé òun kò ní ẹsẹ̀ tí òun yóò fi dúró.

Kí ló dé tí òfin yìí fi wọ àwọn ènìyàn lára? Ní èrò tèmi, ohun tí ó sọ kò ṣàjèjì. Kí a fún àlejò ní àkókò, kí a gbọ́ ẹnu rẹ̀, kí ẹlòmíràn tí kì í ṣe onílé dá ọ̀rọ̀ náà: gbogbo èyí ni àwọn àgbà ti ń ṣe lórí ìṣákọ́lẹ̀. Ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀ ni pé májísíréètì rọ́pò àwọn àgbà, kàlẹ́ńdà sì rọ́pò sùúrù.

3. Òfin tí ó dá iye owó

Ọ̀nà yìí gùn ju tiwa lọ. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nígbà ogun àgbáyé kìíní, àwọn obìnrin Glasgow, tí Mary Barbour jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn aṣáájú wọn, kọ̀ láti san àfikún owó ilé. Ní ọdún 1915 kan náà, ìjọba ṣe òfin tí ó dá owó ilé dúró síbi tí ó wà. Wọ́n ní nítorí ogun ni. Ṣùgbọ́n oríṣiríṣi irú òfin bẹ́ẹ̀ wà níbẹ̀ títí òfin ọdún 1988 fi mú un kúrò lórí ilé tí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ yá.

Ìjẹ̀bú fúnra rẹ̀ ti rí irú ìgbìyànjú bẹ́ẹ̀, kì í ṣe lórí ilé bí kò ṣe lórí gàrí. Láti ọdún 1941, ìjọba amúnisìn dá iye tí a óò máa ta oúnjẹ ní Èkó, Captain Pullen ni ó sì wà nídìí ètò náà. Lára gàrí tí Èkó ń jẹ, láti Ìjẹ̀bú ni púpọ̀ ti ń wá. Iye tí ìjọba dá kò tó ohun tí àwọn obìnrin tí ń ṣe gàrí náà ná sí i, pẹ̀lú owó ọkọ̀. Kí ni ó ṣẹlẹ̀? Gàrí kúrò lójú ọjà, ó bọ́ sí ẹ̀yìn ọjà, ó sì wọ́n ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹni tí ó bá rántí ọ̀rọ̀ gàrí yìí yóò lóye ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí owó ilé lẹ́yìn náà.

Ní ọdún 1974, ìgbìmọ̀ Udoji dá àbá àfikún owó oṣù fún àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba; ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1975 ni púpọ̀ nínú wọn gba owó ńlá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bí owó ti wọ ìgboro ni ọjà gbówó lórí, owó ilé sì tẹ̀lé e. Ní ọdún 1976, ìjọba ológun Ìpínlẹ̀ Èkó gbé òfin kan jáde tí ó pín ìlú sí agbègbè agbègbè, tí ó sì sọ iye tí a lè gbà lórí irú ilé kọ̀ọ̀kan. Ó tún dá ìgbìmọ̀ onídàájọ́ sílẹ̀ láti máa gbọ́ ẹjọ́ onílé àti ayálégbé. Ìpínlẹ̀ bí mélòó kan ṣe irú òfin bẹ́ẹ̀ ní àwọn ọdún náà.

Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Owó sìmẹ́ńtì, ti irin àti ti bíríkìlà kò sí nínú òfin náà. Owó ilé nìkan ni ó wà níbẹ̀. Onílé tí kò lè gba iye tí ó rò pé ó tọ́ ní gbangba bẹ̀rẹ̀ sí gba owó tí kò sí nínú rìsíìtì. Ẹni tí kò fẹ́ gba owó abẹ́lẹ̀, ó dáwọ́ àtúnṣe ilé dúró. Ayálégbé ni òfin wà fún, ṣùgbọ́n ayálégbé kan náà ni ó ń bá onílé fi ohun tí ó ṣẹlẹ̀ pamọ́, nítorí bí ó bá lọ fi ẹjọ́ sùn, yóò ní láti máa bá ẹni tí ó fi sùn gbé inú ọgbà kan. Bí ó bá sì kọ̀ láti san, ẹlòmíràn wà lẹ́nu ọ̀nà tí yóò san.

Èkó tún òfin náà ṣe ní ọdún 1997, pẹ̀lú iye owó tuntun. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2011, nígbà tí Gómìnà Babatunde Fashola fọwọ́ sí òfin ilé yíyá mìíràn, ìjọba ti fi dídá iye owó sílẹ̀. Ohun tí ó kù ni pé ayálégbé lè lọ sí ilé ẹjọ́ kí ó ní àfikún tí onílé ṣe kò bá ọgbọ́n mu. Òfin náà yọ Ìkòyí, Victoria Island, Àpápá àti ibùgbé ìjọba ní Ìkẹjà sílẹ̀. Ó ka ìwé owó ilé tí ó ju ọdún kan lọ fún ayálégbé tuntun léèwọ̀, ó sì sọ pé ẹni tí ó gbà á àti ẹni tí ó san án jẹ̀bi bákan náà: ọ̀kẹ́ márùn-ún náírà ni ìtanràn rẹ̀, tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́ta. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣì ń san owó ọdún méjì.

Ẹ wá wo àkókò tí òfin 2011 fún ayálégbé: oṣù kan fún ẹni tí ń san lóṣooṣù, oṣù mẹ́ta fún ẹni tí ń san ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta, oṣù mẹ́fà fún ẹni tí ń san lọ́dọọdún. Lẹ́yìn ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rin, àti lẹ́yìn oríṣiríṣi ìjọba ológun àti alágbádá, ohun tí àwọn amúnisìn kọ ní ọdún 1945 ni a tún padà kọ. Iye owó yí padà, a sì pa á tì. Àkókò kò yí padà. Èyí ni ẹ̀rí tí ó lágbára jù fún ohun tí mo ń sọ.

Ó yẹ kí a fi kún un pé òfin Èkó kò rìn kọjá ààlà Èkó. Òfin ìpìlẹ̀ wa kò fi ọ̀rọ̀ ilé yíyá sí ọwọ́ ìjọba àpapọ̀. Ti ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni. Ayálégbé ní Atikori tí ó gbọ́ lórí rédíò pé onílé kò gbọdọ̀ gba ju owó ọdún kan lọ, òfin ìpínlẹ̀ mìíràn ni ó gbọ́.

4. Òfin tí ó dá àṣẹ ilẹ̀

Ní ọjọ́ 29, oṣù kẹta, ọdún 1978, ìjọba ológun Ọ̀gágun Olusegun Obasanjo gbé òfin ìlò ilẹ̀ jáde. Ó fi gbogbo ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ọwọ́ gómìnà kí ó máa dì í mú fún ànfààní ará ìlú. Ẹni tí ó ti ní ilẹ̀ tẹ́lẹ̀ lè máa lò ó, ṣùgbọ́n kò lè tà á tàbí fi dúró fún gbèsè láì gba àṣẹ. Ní ọdún 1989, nínú ẹjọ́ Savannah Bank àti Ajilo, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ẹni tí ó ti ní ilẹ̀ kí òfin náà tó dé pàápàá gbọ́dọ̀ gba àṣẹ yìí. Ilé tí Ajilo fi dúró fún gbèsè bọ́ mọ́ báńkì lọ́wọ́ nítorí pé àṣẹ gómìnà kò sí nídìí rẹ̀. Òfin ìpìlẹ̀ ti ọdún 1999 sì dáàbò bo òfin ilẹ̀ náà kí a má baà tètè yí i padà.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé òfin yìí ti pa ìṣákọ́lẹ̀ rẹ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Nínú ẹjọ́ Abioye àti Yakubu ní ọdún 1991, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ sọ pé òfin náà kò gba ẹ̀tọ́ ẹbí tí ó fún àlejò ní ilẹ̀, kò sì sọ àlejò di onílẹ̀. Àjọṣe wọn wà síbẹ̀ bí ó ti wà. Nípa báyìí, ní ẹ̀bá ìlú kan náà, gómìnà ni ó di ilẹ̀ mú, ẹbí ni ó ń gba ìṣákọ́lẹ̀, àlejò sì ni ó ń dáko.

Ìpínlẹ̀ Ògùn mọ̀ pé ilé púpọ̀ kò ní ìwé. Ní ìgbà Gómìnà Ibikunle Amosun, láti ọdún 2011 sí 2019, ìjọba ṣètò kan kí àwọn tí ó ti kọ́ ilé láì gba ìwé lè gba ìwé ilẹ̀ àti ìwé àṣẹ ilé kíkọ́ ní owó tí ó dínkù. Ní ọdún 2016, ìpínlẹ̀ náà ṣe òfin tí ó le gan-an lórí àwọn tí ń fi ipá gba ilẹ̀: ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, àti ikú bí ẹ̀mí bá ti ibẹ̀ lọ. Ọdún kan náà ni Èkó ṣe irú tirẹ̀. Àwọn òfin wọ̀nyí sọ ẹni tí kò gbọdọ̀ gba ilẹ̀, àti ẹni tí yóò fún ni ní ìwé. Wọn kò sọ ẹni tí ó jẹ́ onílé nínú ilé tí ogún ọmọ ẹbí jọ jogún.

5. Alágbàtà

Ní ọdún 1982, ìjọba Gómìnà Bisi Onabanjo dá Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ògùn sílẹ̀ ní Àgọ́-Ìwòyè. Ní ọdún 2001 ni a fi orúkọ Onabanjo pè é. Inú ìlú ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé. Ìjẹ̀bú-Igbó náà ní ilé ẹ̀kọ́ gíga tirẹ̀, èyí tí a fi orúkọ Olóyè Abraham Adesanya pè. Báyìí ni yàrá tí a kọ́ fún ọmọ ẹbí ṣe di ohun tí ń mówó wọlé lọ́dọọdún. Onílé wà ní Èkó, akẹ́kọ̀ọ́ wà lẹ́nu ọ̀nà. Ẹni tí ó wà láàrin wọn ni alágbàtà, tí àwọn mìíràn ń pè ní agẹ́ǹtì.

Òfin ọdún 1945 mọ̀ ọ́n. Ó ní aṣojú onílé ni ẹni tí onílé máa ń lò láti fi ilé yáni tàbí láti gba owó ilé, tàbí ẹni tí onílé fún ní àṣẹ lórí ọ̀rọ̀ kan pàtó nínú ìwé tí ó fọwọ́ sí. Nótíìsì tí ẹni tí kò ní irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ fi lélẹ̀ kò níláárí níwájú adájọ́. Ẹjọ́ mélòó kan ti ṣubú nítorí pé lọ́yà tí ó kọ ìwé náà kò lè fi ìwé àṣẹ onílé hàn. Ní ọdún 1969 ni a dá ẹgbẹ́ àwọn amòye ilé àti ilẹ̀ sílẹ̀ ní Nàìjíríà; ní ọdún 1975 ni ìjọba àpapọ̀ ṣe òfin tí ó gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀ láti máa forúkọ wọn sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ìlú kékeré, alágbàtà lè jẹ́ onígbàjámọ̀ tàbí ẹni tí ń ta káàdì fóònù. Ohun tí ó ní ni pé ó mọ yàrá tí ó ṣófo.

Ó ti di àṣà ní ìlú ńlá kí alágbàtà gba ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún owó ilé, kí a sì tún san irú rẹ̀ fún àgíríméǹtì. Ká sọ pé owó yàrá jẹ́ ọ̀kẹ́ márùn-ún náírà lọ́dún, ayálégbé yóò wá ọ̀kẹ́ kan lé e kí ó tó rí kọ́kọ́rọ́. Owó tí òfin iye owó fẹ́ dì mú lẹ́nu ọ̀nà ńlá ti gba ẹ̀yìnkùlé wọlé. Ní ọdún 2025, àbá òfin kan dé iwájú Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Èkó tí ó fẹ́ dín ohun tí alágbàtà lè gbà kù sí ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún. Ó yẹ kí a kíyè sí i pé kì í ṣe owó ilé ni àbá náà gbé òṣùwọ̀n lé níhìn-ín bí kò ṣe owó iṣẹ́ ẹni tí ó wà láàrin. Ìyẹn ṣeé ṣírò, nítorí kò gba sìmẹ́ńtì.

6. Ta ni onílé?

A wá padà dé ibi tí a ti bẹ̀rẹ̀. Òfin ọdún 1945 ní bí ó bá jẹ́ ẹni púpọ̀ ni ó jọ ni ilé, ẹnikẹ́ni nínú wọn lè jẹ́ onílé lójú òfin. Fún tọkọtaya tàbí ọ̀rẹ́ méjì tí ó jọ ra ilé, èyí kò ní wàhálà nínú. Ṣùgbọ́n nínú ilé ẹbí, àṣà ní olórí ẹbí ni ó ń ṣàkóso, pẹ̀lú ìmọ̀ àwọn àgbà ẹbí. Ilé ẹjọ́ ní Èkó ti gbà ní ọdún 1909, nínú ẹjọ́ Lewis àti Bankole, pé bí Dáwódù bá kú, àkọ́bí nínú àwọn ọmọ tí ó kù, ìbáà ṣe ọkùnrin tàbí obìnrin, ni olórí ẹbí. Ní ọdún 1959, nínú ẹjọ́ Ekpendu àti Erika, ilé ẹjọ́ ṣàlàyé pé bí olórí ẹbí bá ta ilẹ̀ ẹbí láì gba ìmọ̀ àwọn àgbà, wọ́n lè yí i padà; bí ọmọ ẹbí lásán bá tà á, títà náà kò sí rárá.

Ẹ wá fi ojú inú wo ayálégbé kan. Ó san owó fún ẹ̀gbọ́n tí ń gbé ìsàlẹ̀ ilé. Àbúrò tí ń gbé Èkó kọ̀wé sí i pé òun kò rí nínú owó náà. Ọmọ ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin gbé nótíìsì wá. Lójú òfin ìwé, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lè ní òun jẹ́ onílé. Lójú àṣà, kò sí ẹnìkan nínú wọn tí ó lè dá a ṣe. Ìjà wọn kò kan ayálégbé, ṣùgbọ́n ayálégbé ni yóò san owó lẹ́ẹ̀mejì, tàbí tí yóò bá ẹrù rẹ̀ níta.

Apá kejì rẹ̀ ṣòro jù. Òfin náà ní ayálégbé ni ẹnikẹ́ni tí ń gbé ilé, ìbáà san owó tàbí kí ó má san, àfi ẹni tí ó fi òtítọ́ inú gbà pé òun ni ó ni ilé náà. Nítorí náà, a kò lè fi nótíìsì oṣù kan tàbí mẹ́fà mú ọmọ ẹbí jáde nínú ilé ẹbí. Ọ̀rọ̀ tirẹ̀ di ẹjọ́ ohun ìní, èyí tí ó gùn tí ó sì wọ́n. Níbi tí ẹ̀tọ́ bá ti ń gba ọ̀nà bàbá nìkan, àwọn tí ó lè sọ bẹ́ẹ̀ kò pọ̀. Ṣùgbọ́n ní Ìjẹ̀bú, gẹ́gẹ́ bí a ti rí i tẹ́lẹ̀, ọmọ tí obìnrin bí náà wà nínú ilé. Gbólóhùn kékeré kan tí a kọ ní ọdún 1945 fún gbogbo orílẹ̀-èdè wá ń dáàbò bo ènìyàn púpọ̀ ní Atikori ju bí ó ti ń ṣe ní ibòmíràn lọ. Ìyẹn dára fún opó tí ó padà sí ilé bàbá rẹ̀, àti fún ọmọ tí ìyá rẹ̀ ti kú. Kò dára fún ayálégbé tí ó wà nínú yàrá kejì, nítorí bí àwọn tí kò ṣeé lé jáde bá ti pọ̀ tó ni àwọn tí ó lè béèrè owó lọ́wọ́ rẹ̀ yóò ṣe pọ̀ tó.

Ìkádìí

Bí ìtàn yìí bá ní ẹ̀kọ́ fún àwọn aṣòfin Ìpínlẹ̀ Ògùn, mo rò pé ó jẹ́ mẹ́ta. Kí wọ́n má ṣe náwó ọgbọ́n wọn sórí dídá iye owó ilé; gàrí ti kọ́ wa, Èkó sì ti tún un kọ́ wa. Kí wọ́n mú àkókò àti ìlànà lágbára, kí ibi tí ayálégbé yóò ti sọ tẹnu rẹ̀ má jìnnà sí i, kí owó ibẹ̀ má sì ju agbára rẹ̀ lọ. Kí wọ́n sì mójú tó ohun tí òfin ọdún 1945 gbójú fò: kí ilé ẹbí tí a bá fi yáni ní orúkọ ẹni tí yóò máa gba owó nínú ìwé, pẹ̀lú ìfọwọ́sí ìdí ìyá kọ̀ọ̀kan, ti obìnrin àti ti ọkùnrin, kí ẹ̀dà rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ ayálégbé àti alágbàtà.

Ohun ìkẹyìn yìí kò ní láti dúró de Abẹ́òkúta. Ẹbí tí ó bá fẹ́ ṣe é lè ṣe é nígbà ìpàdé ọdún tí gbogbo ọmọ bá wálé. Orúkọ kan, ìfọwọ́sí mélòó kan, àti rìsíìtì tí ó bá orúkọ náà mu ti tó láti bẹ̀rẹ̀. Ayálégbé yóò mọ ẹni tí òun ń sanwó fún, ọmọ ẹbí tí ó wà ní òkèèrè yóò mọ ibi tí owó ń lọ, adájọ́ yóò sì mọ ẹni tí ó yẹ kí ó dúró síwájú òun nígbà tí a bá pe onílé.